Òrí àti Ọṣẹ Dúdú: Bí A Ṣe Lè Ṣe Ohun Ìwẹ̀ àti Ìpara Nílé Láìsí Májèlé

Ẹ̀sìn Islām kò fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré. Kò sí ìrun láìsí ìmọ́ra, àmáànà Ọlọ́hun sì ni ara tí a ń fọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí Mùsùlùmí mọ ohun tí ó wà nínú ọṣẹ tí ó fi ń wẹ̀ àti ìpara tí ó fi ń pa ọmọ rẹ̀ lára. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí títí dé Kíṣí, Ọlọ́hun ti fi èyí tí ó tó wa sínú oko wa.

Òrí

Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń dá a sí bí wọ́n bá ń ṣán oko. Ìgbà òjò ni èso rẹ̀ ń gbó, tí àwọn obìnrin ń ṣà á nílẹ̀. Wọn a bọ kóró rẹ̀, wọn a sá a sóòrùn, wọn a pa á, wọn a sì ṣa èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yan án, tí wọn yóò lọ̀ ọ́, tí wọn yóò bu omi sí i, tí wọn yóò máa fi ọwọ́ pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń sè kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, tí wọ́n sì ń sẹ́. Bí ó bá tutù, ó di òrí. Èyí tí ó bá ti hu tàbí tí ó ń kan, kí a má fi í pa ara.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin oṣù mẹ́fà de kíkó kóró òrí tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní Nàìjíríà, kí èrè iṣẹ́ náà lè kù sílé.

Ọṣẹ dúdú

Eérú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èèpo kòkó tí ó ti gbẹ, wọn a kó eérú rẹ̀ sínú ajere, wọn a da omi lé e kí ó máa kán. Omi eérú yìí ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín, epo pupa tàbí òrí, tí wọn yóò máa rò ó títí yóò fi ki. Omi eérú a máa bó ènìyàn lára, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Bí ó bá ta síni lára, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án kíá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, kí ó ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó wá po ewé mọ́ ọn nílé.

Àdàlú méjì tí ó rọrùn

*Ọṣẹ ìwẹ̀:* Ẹ sá ewé dóńgóyárò sí ibi ìbòòjì títí yóò fi gbẹ, ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́. Ẹ mú ọṣẹ dúdú tó ìkúùkù kan. Ẹ fi ṣíbí ìmùkọ méjì nínú ewé náà sí i, pẹ̀lú ṣíbí òrí yíyọ́ kan àti ṣíbí oyin kan. Ẹ gún un pọ̀, ẹ kó o sínú ike tí ó gbẹ.

*Ìpara:* Òrí ìdá mẹ́rin, òróró àgbọn ìdá kan. Ẹ gbé abọ́ wọn sórí omi gbígbóná títí wọn yóò fi yọ́, kì í ṣe sórí iná. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ máa rò ó bí ó ti ń tutù. Ẹ má fi omi tàbí ewé tútù sí i, nítorí omi ló ń mú un hu.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tí ó ń yún, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ pò mọ́ ọn

*Kírìmù ìbóra:* Àwọn kan ń pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á ní ọṣẹ ìbílẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé mẹ́kúrì tí ó wà nínú irú kírìmù bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Nínú Sūratun-Nisā'i, āyah 119, ìkìlọ̀ wà nípa yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà.

*Omi ọsàn wẹ́wẹ́:* Bí oòrùn bá pa á mọ́ni lára, ó lè bó awọ ara bí iná.

*Ìwọ́ ọmọ tuntun:* Ẹ má fi òrí tàbí ewé sí i. Ẹ béèrè ohun tí ó yẹ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

*Oògùn awúre:* Ọṣẹ kì í fúnni ní arísìkí, Ọlọ́hun ni Olùpèsè. Ẹni tí ó bá gbójú lé ọṣẹ fún oríire ti wọ inú ẹbọ, ìbáà jẹ́ aáfà ni ó tà á fún un.

Ohun tí ó kan ìjọ́sìn

Òrí tí ó kàn ń dán lára kò ba àlùwàlá jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dì débi pé omi kò lè kan awọ ara, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó ṣe àlùwàlá tàbí ìwẹ̀ jànábà. Ẹni tí ó wà nínú ìhrām àti obìnrin tí ó wà nínú takaba kò gbọdọ̀ lo lọ́fínńdà. Ọṣẹ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe láìsí lọ́fínńdà yóò wúlò fún wọn. Fífi ewé wẹ̀ kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí Sunnah. Nínú hádíìsì Ummu Atiyyah tí Bukhari àti Muslim gbà wá, omi àti ewé sidr ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n fi wẹ òkú ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí ẹ bá mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi pa ọmọ yín lára. Kí Ọlọ́hun bá wa dáàbò bo ìlera wa, kí Ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin wa. Āmīn.