Bí A Ṣe Ń Ṣe Ètò Ìbomirin Oníkíkán Sínú Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ilé

Láti inú oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú jù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ìhà Òkè-Ògùn, bí i Ṣakí, Kíṣì àti Ìgbòho, òjò a máa tètè dáwọ́ dúró, a sì máa pẹ́ kí ó tó padà ju ti Ìbàdàn lọ. Àsìkò yìí ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú máa ń wọ́n lọ́jà, òun náà sì ni àsìkò tí omi kànga máa ń lọ sílẹ̀. Ìdílé tí ó ní ọgbà lẹ́yìnkùlé á wá bọ́ sí àárín ìṣòro méjì. Bí wọ́n bá bu omi sí ọgbà, omi mímu àti omi ìdáná lè má tó. Bí wọn kò bá sì bù ú, ẹ̀fọ́ yóò rọ, gbogbo làálàá á sì di asán.

Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa, lórí bí ẹ ṣe lè fi omi díẹ̀ tọ́jú ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ ni pé rọ́bà kọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Omi ni à ń kọ́kọ́ wọ̀n, gíga àgbá ni ó tẹ̀lé e, asẹ́ ni ó ṣìkẹta. Ẹni tí ó bá fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tí ó sáré lọ ra rọ́bà, ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ ṣòfò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.

Ohun tí ìbomirin oníkíkán jẹ́

Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára ní ilé ìwòsàn. Omi á wà lókè, á máa gba inú rọ́bà tín-ín-rín sọ̀kalẹ̀, á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí a fẹ́ kí ó dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò yìí ṣe rí, ìdí sì nìyí tí àwọn tí ń ta ohun èlò rẹ̀ fi ń pè é ní dírípù. Omi á ti inú àgbá tí ó wà lókè wọ inú rọ́bà tí a tẹ́ sórí ebè, á sì máa kán láti ojú ihò kéékèèké sí ìdí irúgbìn.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Simcha Blass, ni ó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1965, òun àti àwọn àgbẹ̀ abúlé Hatzerim dá ilé-iṣẹ́ Netafim sílẹ̀ láti máa ṣe ohun èlò rẹ̀ ní àgbègbè aginjù. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Àjọ FAO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oríṣi ìbomirin hàn. Nínú lítà omi 100 tí a bá jẹ́ kí ó ṣàn lórí ilẹ̀, nǹkan bí 60 ni ó ń wúlò fún irúgbìn. Bí a bá fọ́n ọn bí òjò, nǹkan bí 75 ni. Bí a bá jẹ́ kí ó kán sí ìdí irúgbìn, nǹkan bí 90 ni. Yàtọ̀ sí èyí, ewé kì í tutù, nítorí náà àrùn tí ó fẹ́ràn ewé tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Koríko kì í sì í pọ̀ láàárín ebè, nítorí omi kì í dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi yín

Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣirò tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ni lítà 5 lójúmọ́ fún ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 1 tí ó sì gùn ní mítà 1. Ebè tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì gùn ní mítà 10, yóò gba nǹkan bí lítà 50 lójúmọ́. Èyí jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Ebè mẹ́rin yóò gba lítà 200, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, tàbí àgbá ńlá kan.

Ẹ wá wo orísun omi yín. Bí ó bá jẹ́ kànga, ẹ pọn ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan títí yóò fi lọ sílẹ̀, ẹ ka iye kẹ́ẹ̀gì tí ẹ rí, kí ẹ sì tún wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bóyá iye kan náà ni ó sun padà. Oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì ni ó yẹ kí ẹ ṣe èyí, nítorí kànga tí ó kún nínú oṣù Kọkànlá lè tán ẹ lójú nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ẹ yọ omi mímu, omi ìdáná, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ kúrò nínú rẹ̀ ná. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti ọgbà. Bí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin péré ni ó bá ṣẹ́kù, ebè méjì ni kí ẹ gbìn. Ebè méjì tí omi rẹ̀ pé sàn ju mẹ́rin tí òùngbẹ ń gbẹ lọ.

Àwọn ohun èlò

Fún ebè mẹ́rin tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ẹ nílò:

1. Àgbá onílítà 200 kan tí ó ní ìdérí, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé, ewédò yóò hù sínú omi, yóò sì dí ojú rọ́bà. Ẹ má ṣe lo àgbá tí wọ́n fi kó oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.
2. Fáàfù kan tí ẹ ó fi máa ṣí omi, tí ẹ ó sì fi máa tì í.
3. Asẹ́ omi kan tí a ń so mọ́ páìpù. Èyí tí wọ́n kọ 120 sí lára dára fún iṣẹ́ yìí.
4. Páìpù àgbà, oní-mìlímítà 25, tí yóò gba iwájú ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá.
5. Rọ́bà ìkánmi oní-mìlímítà 16, tí ojú ìkánmi rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Méjì fún ebè kan, mẹ́jọ lápapọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10.
6. Ìsopọ̀ kéékèèké àti òrùka rọ́bà fún oríta kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù.

Ẹni tí kò ní ju ẹsẹ̀ ata mẹ́wàá lọ kò nílò gbogbo èyí. Kí ó gé ìdí ike omi ńlá, kí ó fi abẹ́rẹ́ lu ìdérí rẹ̀, kí ó dorí rẹ̀ kodò sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ata, kí ó sì máa bu omi sí i láti òkè.

Ìjókòó àgbá

Gíga ni ó ń ti omi lọ nínú ètò tí kò ní ẹ̀rọ. Bí àgbá bá jókòó sílẹ̀ lásán, omi kò ní dé ìparí rọ́bà. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ ga ní mítà 1 ó kéré tán, ní ìhà tí ilẹ̀ ọgbà ti ga jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Iye omi tí wọ́n kọ sára rọ́bà, bí i lítà 2 ní wákàtí kan, jẹ́ ìwọ̀n tí ó máa ń jáde nígbà tí agbára omi bá dọ́gba pẹ̀lú ti àgbá tí ó ga ní mítà 10. Láti orí mítà 1, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni yóò máa jáde, ìyẹn nǹkan bí lítà 0.6. Ètò náà kò bàjẹ́. Yóò kàn gba àkókò díẹ̀ sí i ni. Ìdí kan náà nìyí tí kò fi yẹ kí rọ́bà kan gùn ju mítà 10 sí 15 lọ.

Ẹ rántí pé omi lítà 200 wúwo tó kílò 200. Búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì mọ pọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó le ni kí ẹ fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Igi tí ikán lè jẹ tàbí búlọ́ọ̀kù tí a kàn tò léra lè yẹ̀, kí àgbá sì wó lu ọmọdé. Ẹ de ìdérí àgbá mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ọmọ má baà ré sínú rẹ̀, kí ẹ̀fọn má sì baà yé ẹyin sí i.

Bí a ṣe ń tò ó

1. Ẹ ṣe ebè yín kí ó tẹ́jú, kí ẹ sì da ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.
2. Ẹ lu ihò sára àgbá ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ìdí rẹ̀, kí ìdọ̀tí tí ó bá rọlẹ̀ má baà bá omi jáde. Ẹ fi òrùka rọ́bà àti téèpù dí ẹnu rẹ̀ yíká.
3. Ẹ so fáàfù mọ́ ihò náà, kí asẹ́ tẹ̀lé fáàfù, kí páìpù àgbà sì tẹ̀lé asẹ́. Ẹ wo àmì ọfà tí ó wà lára asẹ́, kí ó dojú kọ ibi tí omi ń lọ.
4. Ẹ tẹ́ páìpù àgbà sí iwájú ebè, ẹ lu ihò méjì sí i níbi ebè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ki ìsopọ̀ bọ̀ ọ́.
5. Ẹ na rọ́bà ìkánmi sórí ebè, kí ojú ìkánmi kọjú sókè. Èyí kò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí tí ó bá rọlẹ̀ nínú rọ́bà dí i.
6. Kí ẹ tó dí ìparí rọ́bà, ẹ ṣí omi kí ó ṣàn gba inú gbogbo rẹ̀ títí yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn èyí, ẹ ká ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dè é.
7. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ bo ojú ebè, kí oòrùn má baà fa omi náà gbẹ.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbìn

Ẹ gbé agolo kan sábẹ́ ojú ìkánmi àkọ́kọ́, òmíràn sábẹ́ èyí tí ó wà láàárín, àti ẹ̀kẹta sábẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí omi kán fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Bí omi agolo tí ó kẹ́yìn bá kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, tàbí kí ẹ gbé àgbá ga sí i, tàbí kí ẹ ti apá kan ọgbà nígbà tí ẹ bá ń bomi rin apá kejì.

Nínú àpẹẹrẹ wa, rọ́bà mẹ́jọ ní nǹkan bí ojú ìkánmi 264. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń mú lítà 0.6 jáde ní wákàtí kan, àgbá yóò tán ní nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Bí tiyín bá gba wákàtí mẹ́ta, ohun kan ti ń dí i nìyẹn. Bí ó bá tán ní ìṣẹ́jú 20, ó ń jò níbì kan.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ṣí omi. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí omi ń tètè wọ̀, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ máa fi ìka wú iyẹ̀pẹ̀ wò. Bí ó bá ṣì tutù ní ìwọ̀n ìka kan sísàlẹ̀, ẹ dín omi kù.

Ìtọ́jú

Dídí ni ó ń pa ètò yìí ju ohunkóhun lọ. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi kí ó tó wọ inú àgbá. Ẹ fọ asẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀mejì bí omi yín bá ní ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ tú ìparí rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí omi fọ inú rẹ̀ jáde. Bí omi ẹ̀rọ yín bá máa ń pọ́n bí ìpẹtà, irin ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú ohun mìíràn mọ́jú, kí ẹ sì rọra bu òkè rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi ọṣẹ tàbí ajílẹ̀ tí kò yọ́ tán sínú àgbá.

Bí ojú ìkánmi bá dí, ẹ má ṣe fi ìṣó fẹ̀ ẹ́. Ihò tí ó bá fẹ̀ jù yóò máa fa omi àwọn yòókù mọ́ ara rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ apá ibẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tu koríko tí ó bá wà nítòsí rọ́bà, nítorí ọkọ́ a máa gé e. Ẹ ṣe ọgbà yíká kí adìyẹ àti ewúrẹ́ má baà tú u ká. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ẹ fọ rọ́bà, ẹ ká a, kí ẹ sì kó o sí abẹ́ òrùlé, nítorí oòrùn a máa sọ ọ́ di gbígbẹ, á sì máa fọ́.

Ibi tí ẹ ti lè béèrè sí i

Òṣìṣẹ́ tí ń tọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ́nà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ tún lè béèrè nípa irúgbìn ẹ̀fọ́ ní NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn.

A rọ̀ yín kí ẹ fi ebè kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú, tí yóò tó í ká láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ẹ sì máa kọ iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ó ń gbà lójúmọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá omi ilé yín yóò gba ebè kejì, ju bí oníṣòwò èyíkéyìí ti lè sọ ọ́ lọ.