Wákàtí mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó kú: ìtàn visual novel àdììtú láti 1983 dé 2010

1/ 

Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìpànìyàn kan lórí láptọ́ọ̀pù mi. Wákàtí mẹ́fà ni mo fi kà á kí ẹnikẹ́ni tó kú. Mẹ́fà o! Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jà lórí ogún bàbá wọn tí kò tíì kú, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn, òjò ń rọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mi ò pa á rẹ́, inú mi sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, àti ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wá.

2/ Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: visual novel jẹ́ ìwé ìtàn tí à ń kà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àwòrán ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn, àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà níwájú, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, o ń tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Japan ló ti gbilẹ̀ jù. Màá máa pè é ní VN. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní dárúkọ apànìyàn kankan.

3/ 1983. Yuji Horii, tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà náà, ṣe géèmù kan tí ilé iṣẹ́ Enix gbé jáde: Portopia Renzoku Satsujin Jiken. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ayánilówó kan kú sínú yàrá tó wà ní títì pa nílùú Kobe. Ìwọ lo jẹ́ ọlọ́pàá. Wàá máa tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà: lọ síbí, bi ẹni yìí léèrè, wo tọ̀hún. Nígbà tó dé orí Famicom ní 1985, wọ́n to àwọn àṣẹ náà sílẹ̀ kí èèyàn kàn máa mú èyí tó bá wù ú. Horii yìí kan náà ló padà ṣe Dragon Quest ní 1986.

4/ Portopia ò gùn. Ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn, torí màá padà síbẹ̀: òkú la bá ọkùnrin yẹn. A ò bá a jẹun rí, a ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Kó tó di èèyàn lójú wa, ó ti di ìbéèrè. Ta ló pa á? Báwo lẹni náà ṣe jáde nínú yàrá tí wọ́n tì látinú?

5/ 1992. Ilé iṣẹ́ Chunsoft gbé Otogirisō jáde lórí Super Famicom. Wọ́n pe irú rẹ̀ ní "sound novel", torí ìró ló ń ṣe iṣẹ́ ìdẹ́rùbà: òjò, ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lókùnkùn.

1994, wọ́n tún gbé Kamaitachi no Yoru jáde. Ilé àlejò kan lórí òkè, yìnyín ti dí ọ̀nà, ẹnì kan kú. Àwọn àlejò hàn bí òjìji aláwọ̀ búlúù, kò sí ojú, kò sí imú. Ìwọ fúnra rẹ lo máa fi ojú sí wọn lọ́kàn. Tí o ò bá tètè mọ apànìyàn, ó lè pa àwọn yòókù tán, ìwọ náà á sì padà sẹ́yìn lọ yan ọ̀nà míì.

6/ Ẹni tó kọ Kamaitachi, Takemaru Abiko, ti ń kọ ìwé àdììtú kó tó dé ìdí géèmù. Ó wà lára àwọn òǹkọ̀wé tó tún ìtàn àdììtú àtijọ́ gbé dìde ní Japan lẹ́yìn tí Yukito Ayatsuji ti ṣáájú lọ́dún 1987. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé kí òǹkọ̀wé má ṣe rẹ́ òǹkàwé jẹ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Lọ́dún 1929, àlùfáà kan ní Ìlú Ọba, Ronald Knox, kọ òfin 10 sílẹ̀: apànìyàn gbọ́dọ̀ ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń wá apànìyàn ò gbọdọ̀ jẹ́ apànìyàn náà, ohun iwin ò gbọdọ̀ jẹ́ ìdáhùn. Ìlérí ni: bí o bá fara balẹ̀, ìwọ náà lè já a.

7/ Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gba ayé mi.

Ọjà kan wà ní Tokyo tí wọ́n ń pè ní Comiket, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní August àti December. Ohun tí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ìwé, orin, géèmù. Ní August 2002, ẹgbẹ́ kékeré kan, 07th Expansion, gbé Higurashi no Naku Koro ni wá. Ẹni tó kọ ọ́ ń fi orúkọ Ryukishi07 bojú. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ọwọ́ tó yà fún wọn. Bí òkèlè! Fọ́tò lásán ló wà lẹ́yìn.

8/ Higurashi ò fún ẹ ní ọ̀nà kankan láti yàn. Kà á ṣáá ni.

Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Hinamizawa, tí wọ́n fi Shirakawa-gō ṣe àwòkọ́ṣe. Ọdọọdún, lọ́jọ́ ọdún ìbílẹ̀ wọn, ẹnì kan á kú, ẹnì kan á di àwátì. Ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀ ní June 1983, ọdún Portopia gan-an! Ọ̀pọ̀ wákàtí àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé kàn ń ta káàdì, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

9/ Ká sọ òótọ́, apá yẹn sú mi. Mò ń tẹ bọ́tìnnì, mò ń sín, mò ń wo fóònù. Àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fura sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ni àyà mi bá já. Mo ti bá wọn ta káàdì! Mo mọ ẹni tó máa ń ṣe ojóóró, mo mọ ẹni tó máa ń sunkún.

Òkú la bá ọkùnrin inú Portopia. Àwọn ọmọ Hinamizawa, ààyè la bá wọn. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé wákàtí tí mò ń ráhùn lé lórí yẹn ni iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe lára mi.

10/ Apá 8 ni Higurashi, 4 fún ìbéèrè, 4 fún ìdáhùn. Ó tó August 2006 kó tó parí. Ọdún mẹ́rin gbáko! Àlọ́ àpamọ̀ táwa mọ̀ nílé, ìṣẹ́jú kan ò pé tá a ti máa gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn yẹn ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín apá kan àti èkejì, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjiyàn yẹn gan-an ni géèmù náà.

11/ Ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Umineko no Naku Koro ni ni, ọwọ́ ẹgbẹ́ kan náà, August 2007 sí December 2010, apá 8.

October 1986. Ẹbí olówó kan, Ushiromiya, pàdé ní erékùṣù wọn. Wọ́n ní èèyàn 18 ló wà níbẹ̀. Ìjì dé, ọkọ̀ ojú omi ò lè wá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àjẹ́ kan tó ń jẹ́ Beatrice ní òun ló pa wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Battler, ní irọ́ ni, èèyàn ló ṣe é, òun á sì fi hàn.

12/ Láti apá kejì, Beatrice mú òfin kan wá: ohunkóhun tí wọ́n bá fi àwọ̀ pupa kọ, òótọ́ ni, kò nílò ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fi pupa kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn wà ní títì, títì ló wà. Nígbà tó yá, Battler náà gba àwọ̀ búlúù láti fi dábàá tirẹ̀. Ní apá karùn-ún, ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ Knox jáde wá ń fi òfin 10 ti 1929 yẹn dájọ́!

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo fi báírò pupa àti búlúù kọ ọ́. Màmá mi rò pé ìdánwò ni mò ń kà fún.

13/ Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín o, ó nira.

Ìṣòro kìíní, àkókò. Ó lé ní wákàtí 50. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kà á, torí bí iná bá lọ, bátìrì mi ò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ.

Ìkejì, èdè. Àwọn olólùfẹ́ kan, Witch Hunt, ló sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ wọn náà ló dé orí Steam ní 2016 àti 2017. Wọ́n ṣe bẹbẹ. Àmọ́ àdììtú ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó dúró lórí lẹ́tà àwọn ará Japan. Kò sí bí èmi ṣe lè já a láé.

14/ Ìkẹta, spoiler. Mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹnì kan, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sí Google. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti bá mi parí gbólóhùn náà. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́.

Ìkẹrin ló le jù: ìbẹ̀rù pé wọ́n ń fi ẹ́ ṣeré. Ìwọ lo kọ́kọ́ ń sanwó, ọjà ò tíì dé. O ti lo 40 wákàtí, o ò tíì mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé yẹn ní ìdáhùn lápò.

15/ Ẹnì kan wà nínú Umineko tó ń jẹ́ Ange. Ọmọ ọdún 6 ni ní 1986. Ara rẹ̀ ò yá, ni wọn ò fi mú un lọ sí erékùṣù náà. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, ó pàdánù gbogbo wọn. Ní 1998, ó ti di ọmọ ọdún 18, ó ń wá òótọ́. Àmọ́ àwọn ará ìta ti sọ ikú àwọn èèyàn rẹ̀ di fàájì. Wọ́n ń dábàá, wọ́n ń kọ ìtàn èké, wọ́n ń jiyàn lórí èwo nínú wọn ló burú jù.

Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo ti kọ orúkọ ìyá Ange síbẹ̀, mo fi búlúù fa ìlà sí i nídìí: "òun ni." Ojú tì mí.

16/ Màá sọ ti ara mi díẹ̀. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ìjà ilé dé. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n wọn, àti àbúrò wọn obìnrin, kálukú ní ohun tí Bàbá sọ fóun nìkan kí wọ́n tó kú. Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èmi náà wá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí mo bá kí àǹtí mi lórí fóònù, ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí mo ṣe máa mú wọn nínú irọ́.

Lẹ́yìn Umineko, mo pè wọ́n. Mi ò bèèrè ọ̀rọ̀ ilé. Mo ní, "Àǹtí, irú èèyàn wo ni Bàbá nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní Bàbá máa ń dá ẹran ààbọ̀ sí abẹ́ àwo de àwọn, kí àwọn ọkùnrin má bàa rí i. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ ilé náà ò tíì yanjú títí dòní o.

17/ Apá ìkẹjọ dé ní December 2010, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Japan sì bínú. Wọ́n ti dúró fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀, òǹkọ̀wé ò sì to ìdáhùn síwájú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ro ó. Nígbà tí Kei Natsumi ya apá náà ní mánga lẹ́yìn náà, ìdáhùn púpọ̀ sí i wá hàn gbangba.

Ṣé wọ́n jàre? Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá ní kí èèyàn wá já nǹkan, dá a lóhùn. Àwọn ìjà idán kan sì wà nínú rẹ̀ tí ì bá fi ìdajì mọ. Èmi náà bínú fún ọjọ́ méjì.

18/ Àmọ́ mo wo ọ̀nà náà láti 1983. Portopia béèrè pé ta ló pa á. Kamaitachi ní kó o gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Higurashi ní kó o kọ́kọ́ fẹ́ràn wọn. Umineko wá bi ẹ́ pé: nígbà tí òkú ò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́, irú ìtàn wo lo máa sọ nípa rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ò lè wọ inú ìtàn wákàtí méjì. O gbọ́dọ̀ ti bá wọn jókòó pẹ́.

19/ Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: Higurashi ni kó o kọ́kọ́ kà. Má wá orúkọ ẹnikẹ́ni lórí Google. Ra ìwé àkọsílẹ̀. Wá ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ máa kà á. Bí wákàtí kẹta bá dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kú, má pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ibo lẹ ti fẹ́ fi í sílẹ̀, kí ló dá yín padà? Ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ apànìyàn, màá block ẹ o, mi ò ṣeré.