Omi Òkè àti Omi Ara: Ìtàn Aṣọ Òjò Fífúyẹ́ àti Yíyàn Rẹ̀ ní Agbègbè Àtàn-Ọ̀tà

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ní òpópónà tó gba Sángò àti Ọ̀tà kọjá sí Àtàn títí dé Ìdí-Ìrókò, pàápàá ní àárọ̀ oṣù kẹfà tí òjò máa ń pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ tó ń sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọlọ́kadà tó gbé e, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó há sí àárín àwọn méjèèjì, òjò kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ohun tí oníkálukú fi bo ara ló yàtọ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí tọ pinpin ìtàn aṣọ òjò láti ìgbà ewé títí dé ìgbà tiwa, ó sì wo ohun tí ìtàn náà lè kọ́ ẹni tó fẹ́ ra aṣọ òjò fífúyẹ́ ní agbègbè Àtàn-Ọ̀tà. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé omi méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti rò: omi tó ń ti òkè bọ̀ wá, àti òógùn tó ń ti ara jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé èkejì.

Kí Aṣọ Òjò Tó Dé

Òwú ni àwọn babańlá wa fi ń hun aṣọ, òwú sì máa ń mu omi. Bí kíjìpá bá tutù tán, á wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Nítorí náà, kì í ṣe aṣọ ni àgbẹ̀ tí òjò ká mọ́ oko kọ́kọ́ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ahéré bá jìnnà, yóò já ewé kókò tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí àti èjìká. Ewé kókò yẹ fún àkíyèsí: omi kì í tẹ́ lórí rẹ̀, ńṣe ló máa ń ká jọ ní róbótó, tí yóò sì yí dànù. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní ń wá nígbà tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi kẹ́míkà kun aṣọ. Àléébù ewé ni pé ó máa ń ya, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Agbòjò wọ́pọ̀ nígbà tí òwò etíkun gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni agbòjò máa ń gbà pátá. Ẹni tó ru ẹrù kò lè lò ó pẹ́. Ẹni tó ń wa alùpùpù kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò.

Oje Igi Ìrẹ́

Ní 1823, Charles Macintosh, ọmọ ìlú Glasgow, gba àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe aṣọ tí omi kò lè wọ̀. Ó fi òróró kan tí wọ́n rí láti ara ọ̀dà èédú ilẹ̀ yọ́ rọ́bà, ó sì tẹ́ rọ́bà náà sáàárín aṣọ méjì. Omi kò wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn, ó máa ń gan nínú òtútù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara nínú ooru. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kì í gan bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ́ mọ́. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń wá oje igi rọ́bà káàkiri ayé.

Ìwákiri yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Igi ìrẹ́, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica, wà nínú igbó wa tipẹ́. Láàrin 1894 sí 1896, òwò oje rẹ̀ ru sókè lójijì. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tí wọ́n kó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Kí a má ṣàṣìṣe o: kì í ṣe aṣọ òjò ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti 1888 tí John Boyd Dunlop ti ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, táyà kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ rọ́bà mì. Síbẹ̀, aṣọ òjò, bàtà rọ́bà àti ọpọ́n tí omi ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ oje náà ló ba òwò náà jẹ́. Wọ́n ń dá igi lára jìn, wọ́n ń dá a léraléra, wọn kò sì fún un láyè kí ojú ọgbẹ́ jinná. Igi ìrẹ́ kú lọ bẹẹrẹbẹ nínú igbó Ìbàdàn àti agbègbè mìíràn, nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì fi bẹ̀rẹ̀, òwò náà ti wó. Ìjọba amúnisìn Èkó dá ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó sílẹ̀ ní 1897, wọ́n sì ya igbó ọba Olókemèjì, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, sọ́tọ̀ ní 1899. Ẹ̀yìn tí igi ti kú ni wọ́n ń ṣọ́ igbó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ń pa ẹni tó kọ oje, tí ẹlòmíràn sì fi oje náà bo ara lókè òkun.

Láti Rọ́bà dé Awọ Tínínrín

Rọ́bà dí omi òkè, ṣùgbọ́n ó dí omi ara pẹ̀lú. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù rọ́bà tó sì ń ṣiṣẹ́ yóò rí i pé inú ẹ̀wù tutù tó ìta. Thomas Burberry gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 1879: ó hun òwú tí a ti fi ohun adènà-omi kùn mọ́ra pinpin, tí atẹ́gùn ṣì lè gba inú rẹ̀ díẹ̀. Roald Amundsen àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lo irú aṣọ yìí nígbà tí wọ́n dé òpin ayé ní gúúsù ní 1911. Náílọ̀n, tí wọ́n ṣàwárí ní 1935, ló wá mú kí aṣọ òjò fúyẹ́ gan-an.

Ìyípadà tó tóbi jù wáyé ní 1969. Bob Gore fa ohun èlò kan tó ń jẹ́ PTFE yọ lójijì, ó sì di awọ tínínrín tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ohun èlò yìí kan náà ni wọ́n fi ń kun inú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Ihò náà kéré jù fún ẹ̀kán omi láti wọlé, ṣùgbọ́n ó tóbi tó fún oruku òógùn láti jáde. Láàrin ọdún 1970 sí 1979 ni ẹ̀wù tí wọ́n fi ṣe dé ọjà.

Àwọn tí ẹ̀wù yìí wúlò fún jù ni àwọn tí ń fi pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ gun òkè yìnyín ní ilẹ̀ òyìnbó. Bí wọ́n bá ń gòkè, wọ́n á làágùn. Bí wọ́n bá ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, òógùn náà lè di òtútù tó ń pa ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ẹ̀wù tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 200 sí 400 lọ, tí wọ́n lè ká sínú àpò.

Yíyan Aṣọ Òjò ní Àtàn-Ọ̀tà

Ṣé ẹ̀wù olówó ńlá bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọlọ́kadà Àtàn? Ìdáhùn kò ṣòro fún ẹni tó mọ bí awọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Oruku òógùn máa ń jáde nítorí pé ìta gbẹ tàbí tutù ju inú ẹ̀wù lọ. Lórí òkè yìnyín, ìyàtọ̀ náà pọ̀. Nínú òjò Ọ̀tà, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ móoru, ó sì ti kún fún oruku omi, nítorí náà òógùn kò tètè rí ọ̀nà lọ. Ohun tí agbègbè yìí nílò jù ni àyè tí atẹ́gùn lè gbà: ẹ̀wù tó ṣe bọ̀ǹbọ̀, tó ní sípù lábẹ́ abíyá tàbí ojú ihò tí a fi aṣọ bò lẹ́yìn. Náílọ̀n lásán tó ní ìwọ̀nyí sàn ju awọ olówó iyebíye tí kò ní wọn.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀wù tún ń ru ènìyàn lójú. Mìlímítà 10,000 túmọ̀ sí pé aṣọ náà lè gbé ọ̀wọ̀n omi tó ga tó mítà 10 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Èyí tó fún òjò lásán. Ṣùgbọ́n ibi tí a jókòó lé, tàbí ibi tí okùn báàgì ti ń tẹ èjìká, máa ń ti omi wọlé pẹ̀lú agbára ju ti òjò lásán lọ, ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò òjò àwọn ọlọ́kadà fi máa ń kọ́kọ́ jò ní ìdí. Ojú rírán tún burú jù: gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ni omi lè gbà, àfi bí wọ́n bá lẹ nǹkan bò ó láti inú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jà Sángò gbọ́dọ̀ yí ẹ̀wù náà padà, kó wo inú rẹ̀ kí ó tó náwó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni etí ẹ̀wù. Ẹ̀wù gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè há sínú ṣéènì tàbí táyà ẹ̀yìn alùpùpù, ó sì lè fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lulẹ̀. Èyí tó mọ ní ìbàdí, tí a lè so, ló dára. Àwọ̀ dúdú kò sì bójú mu lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà ní ìdájí. Àwọn òbí tó ń fa ọ̀rá bọ ọmọ lórí nígbà òjò náà ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí ọ̀rá lè dí ọmọ nímú.

Ohun tí wọ́n ń kùn sára aṣọ kí omi lè máa yí dànù bí ti ewé kókò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà nínú ilẹ̀ tàbí omi. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é nínú ọ̀pọ̀ aṣọ láti oṣù kìíní 2025, ilé-iṣẹ́ Gore fúnra rẹ̀ sì ti gbé awọ mìíràn tí kò ní irú kẹ́míkà náà jáde ní 2022.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi méjì yìí han akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ohun èlò kankan ju ọ̀rá kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, kí wọ́n so ó ní ọrùn ọwọ́ láìfún un jù, kí ó sì dúró sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tí wọn yóò rí nínú ọ̀rá náà kò ti ojú ọ̀run wá.