Super Eagles ọdún 2010: Ìfarapa lórí pápá, ìbínú nílé

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 bá délẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù: Sani Kaita àti Yakubu Aiyegbeni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó dé bá ikọ̀ Super Eagles ní Gúúsù Áfíríkà ní láti kíyè sí Rabiu Afolabi, ọmọ tí wọ́n bí sí Òṣogbo, ẹni tí wọ́n fi dí àlàfo tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́fà.

Ìfarapa ti wà nílẹ̀ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ John Obi Mikel, òpómúléró àárín pápá, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì yá. Brown Ideye ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lars Lagerbäck, ará Swídìn tó ń kọ́ wọn, kò sì tíì lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Ajẹntínà fi 1-0 nà wọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ Vincent Enyeama aṣọ́lé, ìyà náà ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Bloemfontein ni nǹkan ti dàrú ní ọjọ́ 17. Kalu Uche ti gbá ayò kan wọlé Gíríìsì ní ìṣẹ́jú 16. Ní ìṣẹ́jú 33, Kaita gbé ẹsẹ̀ sí Vasilis Torosidis, rẹfirí sì fa káàdì pupa yọ. Dimitris Salpingidis dá ayò náà padà ní ìṣẹ́jú 44. Ibí ni àwọn tó ń bú Kaita máa ń parí ìtàn náà sí. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 55, Taye Taiwo tó ń gbá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì farapa. Uwa Echiejile tó wọlé dípò rẹ̀ náà farapa ní ìṣẹ́jú 77, ni wọ́n bá pe Afolabi. Ẹni mẹ́ta péré ni òfin gbà kí ikọ̀ pààrọ̀ nígbà náà. Ojú kan ṣoṣo ló gba méjì nínú rẹ̀. Láàárín ìfarapa méjèèjì ni bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Enyeama, tí Torosidis kan náà sì gbá a wọlé, 2-1. Síbẹ̀, Enyeama ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà.

Kaita, ọmọ ọdún 24, ló ru ìyókù. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n agbẹnusọ ikọ̀ náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ìhàlẹ̀ tó lé ní 1,000 ló ti dé sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Andrés Escobar ọmọ Kòlóńbíà, tó ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà gbá ní ọdún 1994, ni wọ́n yìnbọn pa ní ìlú Medellín ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún náà. Ẹni tó san owó ẹnu ọ̀nà ní ilé ìwòran, tó fún ara rẹ̀ mọ́ orí bẹ́ǹṣì nínú ooru, ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹ̀tọ́ náà kò dé orí ẹ̀mí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 22, ní Durban, Taiwo kò lè gbá. Afolabi, tó jẹ́ pé àárín ẹ̀yìn gan-an ni ipò rẹ̀, ni wọ́n fi sí ọwọ́ òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Gúúsù Kòríà. Joseph Yobo kò padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi. Echiejile ló rọ́pò rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 66, Ayila Yussuf ti bọ́ọ̀lù kọjá níwájú ilé tó ṣófo, Yakubu sì gbá a síta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun kan náà ló gbá pẹ́nárítì wọlé, 2-2. Ayò kan sí i ì bá ti gbé Nàìjíríà kọjá sí ìpele tó kàn, nítorí pé Ajẹntínà na Gíríìsì lọ́jọ́ kan náà.

Ìbínú náà dé ilé ìjọba. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé ikọ̀ náà kò ní bá orílẹ̀-èdè mìíràn díje fún ọdún méjì. FIFA fún ìjọba ní gbèdéke di ọjọ́ 5 oṣù keje, ìjọba sì yí ìpinnu náà padà lọ́jọ́ yẹn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà kì bá tí lè bá Rwanda gbá ní oṣù kejì ọdún 2012, nínú ìdíje láti yege fún Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2013. Ife yẹn ni wọ́n gbà ní Johannesburg ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013, nígbà tí wọ́n fi 1-0 na Burkina Faso. Yobo ni balógun tó gbé e sókè. Enyeama, Mikel àti Echiejile wà nínú ikọ̀ náà. Afolabi, Kaita àti Yakubu kò sí níbẹ̀.