Pápá Bàálù Ológun

Lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, pápá ni ilẹ̀ gbalasa tí igi rẹ̀ kò pọ̀, níbi tí koríko ti máa ń ga ju orí ènìyàn lọ lópin òjò, tí àwọn ọdẹ sì ń dáná sun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹran lè sá jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí so mọ́ bàálù, èyí tí Yorùbá yá láti inú balloon èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó di orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ṣán, tí wọ́n sì tẹ́ ojú ọ̀nà gígùn sí kí ọkọ̀ òfurufú lè sáré gbéra. Ti ológun ni èyí tí àwọn ọmọ ogun ń ṣàkóso.

Pápá Ìkẹjà ní Èkó jẹ́ àpẹẹrẹ kan nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́ ọ, ní àkókò tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, ń ti Takoradi ní Gánà òde òní gba Èkó, Kánò àti Máídúgùri kọjá lọ sí Íjíbítì. Lónìí, orúkọ Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní 1976, ni pápá náà ń jẹ́, arìnrìn-àjò ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀ ológun kò kúrò, nítorí ibẹ̀ ni ibùdó Sam Ethnan wà, tí í ṣe ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ní ti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí òǹkọ̀wé má ṣe fi “ibùdókọ̀” rọ́pò “pápá”: ilé lásán lè jẹ́ ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbalasa ni bàálù nílò.