Aago

Agogo ni orúkọ rẹ̀ látilẹ̀. A pa g àkọ́kọ́ jẹ, ó di aago, bí òtítọ́ ṣe di òótọ́. Irin tí a ń lù ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè pé, "Aago mélòó ló lù?" bí aago ọwọ́ kò tilẹ̀ dún. Tẹlifóònù náà ń jẹ́ ẹ: "Tẹ̀ mí láago."

Láti Festac Town dé Kuje, ilé tó ní hítà omi lè ní aago mìíràn lára ògiri, èyí tí ń tan hítà, tí ń pa á ní àkókò tí a yàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, irú rẹ̀ ń darí ooru inú ilé pẹ̀lú. Ooru kò wọ́n wa níbí.

Mọ́tò kékeré ló ń yí ojú irú aago yìí ti àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó dúró. Bí iná bá dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, omi àárọ̀ á wá gbóná lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kó ra èyí tí bátìrì ń bá tọ́jú àkókò. Hítà 3,000 wáàtì ń fa nǹkan bí amp 13. Kí aago náà lè gba 16, ó kéré tán. Kí oníṣẹ́ iná sì pa iná ilé pátá kó tó fọwọ́ kan wáyà.