Bọ̀ọ̀dà Onífótókọ́pì àti Ìwé Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ láíbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn rí, ẹ lè má mọ̀ pé ilé ẹnìkan ní Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ti wá. Henry Carr lorúkọ bàbá náà. Alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ni láyé àwọn òyìnbó, ìwé rírà sì ni àìsàn tó ń ṣe é. Nígbà tó kú ní 1945, ìwé tó fi sílẹ̀ tó bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì kó wọn fún University College, Ibadan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ní 1950, òfin tún sọ pé kí àwọn tó ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́? Owó òyìnbó ni wọ́n fi ń rà á, kò sì nira púpọ̀ nígbà náà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án 1986 tí ìjọba Babangida fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ. Náírà já wálẹ̀, ìwé tuntun sì di ohun àwòmọ́jú fún láíbìrì.

Ohun tó gbapò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: handout àti fótókọ́pì. Ní yunifásítì tí èmi lọ, ìwé físíìsì kan ṣoṣo ló wà, àwa tó fẹ́ kà á sì lé ní igba. Bọ̀ọ̀dà onífótókọ́pì ẹnu géètì máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó ṣe é fún wa, bí ẹni tó ń ta igbó.

Ní oṣù kẹrin 2001, MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa gbé ohun tí àwọn olùkọ́ àwọn fi ń kọ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2002, àwọn kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀. Oṣù keje ọdún kan náà ni ìpàdé UNESCO ní Paris fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ, Open Educational Resources. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Creative Commons gbé àwọn ìwé àṣẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe kíkà lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan: ẹni tó kọ ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀ pé o lè dà á kọ, nígbà míì pé o lè gé e, fi kún un, tàbí túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ta ló ní íntánẹ́ẹ̀tì ní 2002? Káfẹ̀ la ti ń ra wákàtí! Cliff Missen, tó ti gbé Jos rí, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Wọ́n gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìkànnì, wọ́n da ohun tó wà lórí wọn sínú háàdì dííkì ńlá, wọ́n pè é ní eGranary, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí láíbìrì àwọn yunifásítì Áfíríkà. Àpótí ìwé tún ti dé bíi ti Carr.

Kíkà la mú nínú rẹ̀ jù. Títún kọ àti fífi tiwa síta, ó ṣì kù. National Open University gbìyànjú: ní 2015, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé kọ́ọ̀sì wọn fún gbogbo ayé. Níbòmíì, handout ṣì ni owó ọbẹ̀ olùkọ́. Mi ò lè dá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́bi pátápátá, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń san án.

Ní 2012, OpenStax ní Yunifásítì Rice gbé ìwé físíìsì kan jáde, College Physics. Àṣẹ tó wà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ̀ ẹ́ kó sì tà á, bó bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bọ̀ọ̀dà onífótókọ́pì lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu kó tẹ igba ẹ̀dà. Mo padà lọ síbẹ̀, mo sì bi í bóyá ẹnikẹ́ni láti láíbìrì ti sọ fún un rí. Ó ní rárá.